Ìjàpá Ṣọdún Kérésì l'Ékòó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, akápò ẹgbẹ́ alájọ ìrẹsì ní ìlú àwọn ẹranko, lẹ́bàá Ìkirè.

Ẹ ó fẹ́ bi mí bí owó àjọ ṣe dé ọwọ́ Ìjàpá, nígbà tí kò sí ẹranko kan nílùú náà tí kò mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan akápò, Ẹkùn ní òun ò mọ ìṣirò, Àgbọ̀nrín ní òun kì í gbé ojú kan, Ìgbín ní bí wọ́n bá rán òun sí báńkì lóṣù kìíní, kí wọ́n máa retí òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ìjàpá nìkan ló wọ ṣòkòtò alápò wá. Wọ́n wo àpò náà, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá owó yìí. Tó bá ku ọjọ́ kan kí Kérésì kò, wọ́n á fi ra ìrẹsì, òróró àti tòmátò alágolo, wọ́n á sì pín in nílé Ẹkùn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, owó pé pérépéré. Fọ́tò kan ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Ajá ti lọ ṣọdún l'Ékòó lésìí. Ó ya fọ́tò létí òkun, ó fi awò dúdú sójú, ó na ìka méjì sókè. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, síbi tí ẹni tó bá wọlé kò fi ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣú yọ nílùú, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Ajá ná, ó ti dé Èkó." Òrùlé ń jò, wọ́n á bi Ajá. Ọmọ kò fẹ́ jẹun, wọ́n á bi Ajá. Kí ló kan Èkó nínú òrùlé tó ń jò? Èmi náà ò mọ̀.

Oorun dá lójú Ìjàpá. Lóru ọjọ́ kan, ó ta Yánníbo jí.

"Ìyá Kóńkóló, dìde. Èmi, ìwọ àtàwọn ọmọ, Èkó la ó ti ṣọdún yìí."

"Bàbá Kóńkóló, owó dà?"

"Owó ń bẹ."

"Owó ta ni?"

"Owó ní orúkọ ni? Bó bá ti wà lápò ẹni, òun náà nìyẹn."

Yánníbo wò ó títí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá ti bá wọn gbélé rí yóò mọ̀ pé bí Yánníbo bá dákẹ́, kì í ṣe pé ó gbà.

Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá. Yánníbo di dòdò Ìkirè sínú ewé, ó bu gàrí sínú ọ̀rá, ó wọ ànkòó fáwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Kóńkóló àkọ́bí tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Ìdérí tó tẹ̀ lé e, àti Pẹ́pẹ́ àbíkẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, Yánníbo ní ṣé kí àwọn má kúkú wọ rélùwéè ni, èyí tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí i ló ti ń sá kìlómítà 157 yẹn, ọkọ̀ kan kì í sì í dí i lọ́nà.

"Rélùwéè kẹ̀?" Ìjàpá ní. "Ta ni yóò rí wa níbẹ̀? Inú igbó ló ń gbà lọ. Bí mo bá ń lọ sÉkòó, kí gbogbo ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ títì rí mi pé mò ń lọ."

Ni wọ́n bá gba gáréèjì lọ. Òbúkọ ni agbèrò ibẹ̀. Ó ká owó sí àárín ìka, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì, òórùn rẹ̀ sì ti kí ènìyàn káàbọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó kí i. "Èkó! Bẹ́gà, Ọjọ́ta! Ó ku ẹnì kan, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ìjàpá wo inú bọ́ọ̀sì, àga mẹ́sàn-án ló ṣófo. Owó tó jẹ́ ₦4,000 lóṣù kọkànlá ti di ₦12,000.

"Kí ló fà á?"

"Kérésì ni."

"Ṣé Kérésì ló ń wakọ̀ ni?"

Òbúkọ kò dá a lóhùn. Ẹ̀yìn Ìjàpá ló ń wò. "Ilé tí ẹ gbé pọ̀n yẹn ńkọ́? Ẹrù ni. Márùn-ún ni. Ẹ ó sanwó ẹrù."

"Ara mi nìyí!"

"Nílé yín ló ti ń jẹ́ ara. Ní gáréèjì, ẹrù ni."

Ìjàpá sanwó márùn-ún fún ènìyàn, ó sanwó márùn-ún fún ìkarahun. Ìdámẹ́rin owó ìrẹsì àwọn ẹranko ti lọ, wọn ò sì tíì kúrò ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó dá orin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá ń rÈkó o,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Ó mú Yánníbo dání,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Ajá tó lọ lésìí ńkọ́?
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Ojú kan ló fi wo Èkó,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Èmi á fi méjì wò ó,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
N ó ya fọ́tò tó ju fọ́tò,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*

Orin kò tíì tán tí ègbè fi ṣẹ. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1978, kò gùn ju kìlómítà 127 lọ. Ẹni tó bá rí i gbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí ó tó parí oorun ni yóò dé. Àwọn Ìjàpá kò rí i gbà. Ọkọ̀ tò bí eèrà, ọ̀kan kò kúrò lẹ́yìn èkejì. Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí ilé mẹ́ta, Pẹ́pẹ́ á bèèrè, "Bàámi, ṣé Èkó rèé?" Ní Mọ́wè, ó bèèrè. Ní Ìbafo, ó bèèrè. Ní Àréépò, Ìjàpá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Èkó ni, kí ọmọ lè sinmi, ni Pẹ́pẹ́ bá dìde pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Nǹkan kan ń bẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó yẹ ká yìn, ọjà ni. Ẹni tí kò bá rí Èkó wò á rí Èkó rà: gálà, ìpékeré, omi tútù, awò dúdú, aago, ṣájà fóònù, fìlà pupa onífunfun létí. Ìjàpá ra fìlà pupa márùn-ún. Ìkarahun àwọn ọmọ ga ju ọrùn wọn lọ, fìlà kò dúró lórí, ni Yánníbo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò gàrí. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Ọjọ́ta, tí wọ́n wọ dánfó lọ sí Mùṣín. Àáyá ni kọ́ńdọ̀ ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, gbogbo ara rẹ̀ tó kù wà ní títì. Ó da ṣéńjì Ìjàpá pọ̀ mọ́ ti Ọ̀yà, ó ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Ọ̀yà bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú owó náà, ó sì sáré bí ọ̀yà.

Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Èkúté-ilé ni Ìjàpá fọkàn sí. Ilé onípálọ̀-kan-yàrá-kan ni, yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba àárín wọn kọjá. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Èkúté. Aláǹgbá alábàágbé rẹ̀ jáde.

"Èkúté ńkọ́? Ṣé ó jáde ni?"

Aláǹgbá mi orí.

"Ṣé ó ń bọ̀ lálẹ́ yìí?"

Aláǹgbá mi orí.

Orí ni Aláǹgbá máa ń mì sí ohun gbogbo, ẹni tó bá ní kó ṣe ẹlẹ́rìí òun ti gbé. Ìyàwó rẹ̀ ló wá là á yé wọn pé Èkúté ti lọ ṣọdún. Níbo? Ní ìlú àwọn ẹranko, lẹ́bàá Ìkirè, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá. Èkúté ní ọ̀rẹ́ òun náà lówó.

Bí Èkó ṣe ń ṣe lóṣù kejìlá nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń di ẹrù jáde, pé ọdún kò dùn l'Ékòó. Àwọn ará oko ń di ẹrù wọlé, pé ibẹ̀ ni ọdún wà. Wọ́n ń pàdé ní Bẹ́gà, olúkúlùkù ń káàánú ẹnì kejì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Yánníbo fa orí wọlé. "Ọpẹ́ ni pé a gbé ilé dání," ló ní. "A sì ti sanwó rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìran wíwò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń ti Máìlì Túù lọ sí Màrínà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Wọ́n ra káàdì, wọ́n fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ké, ọ̀nà là. Kò sí ẹni tó pe ìkarahun ní ẹrù. Ìjàpá kò gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ó yá jù. Kìlómítà 13 péré, Kóńkóló kò tíì rí ibi tí yóò ti ya fọ́tò tí wọ́n fi dé Ìgànmú. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti rí gbọ̀ngàn ńlá náà, Tíátà tí wọ́n kọ́ de àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977, tí wọ́n ti wá fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí.

Ìjàpá dìde nínú ọkọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó! Ẹ̀yìn baba ńlá mi ni wọ́n wò kọ́ ilé yẹn!"

Ewúrẹ́ àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Fìlà sójà ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀gbẹ́ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ."

"Ìkarahun ni!"

"Fìlà ni!"

Ọkọ̀ dàrú. Èmi tí mò ń pa àlọ́ yìí, mo ti wo ilé náà lọ́tùn-ún lósì, n kò rí ohun tí wọ́n ń jà sí. Àti fìlà sójà àti ẹ̀yìn ìjàpá, méjèèjì ló le, méjèèjì ni ọ̀rọ̀ kì í wọ̀.

Ní Màrínà, wọ́n dúró níwájú Kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí kò sì parí títí di 1946. Àwọn akọrin ń dá ohùn wò nínú ilé de ìsìn alẹ́. Ohùn wọn ń jáde lójú fèrèsé, ó rọra ń bọ́ sórí títì láàárín hóónù ọkọ̀. Yánníbo ní kí àwọn wọlé jókòó díẹ̀, kí àwọn gbọ́.

"Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn," Ìjàpá ní. "Kóńkóló, yà wá. Yọ ilé gogoro yẹn dáadáa. Má yọ ẹni tó ń ta ẹ̀pà yẹn."

Kóńkóló yà á, ó sì fi sórí fóònù lójú ẹsẹ̀ kí gbogbo ará ìlú lè rí i: ÈKÓ NI WÁ O. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi gbogbo. Wọn kì í pẹ́ ju fọ́tò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ní 1842, ní Àgbádárìgì, lábẹ́ igi Àgíyà, ni wọ́n ní wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kérésìmesì nílẹ̀ yìí. Freeman àti Townsend, àwọn oníwàásù, ló dúró níbẹ̀. Igi ni òrùlé, ilẹ̀ ni àga. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbowó ẹnu ọ̀nà.

Lálẹ́, wọ́n lọ wo iná ní òpópónà Ajose Adeogun, ní Victoria Island. Ká má parọ́, ó dára. Iná wé igi láti ìdí dé ṣóńṣó, iná ta kọ́ lókè títì bí ẹni ta aṣọ, pupa ń di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé ń di wúrà. Ènìyàn kún débi pé ẹsẹ̀ tí o bá gbé sókè, o lè má rí ibi gbé e lé padà. Ìdérí la ẹnu sílẹ̀. Pẹ́pẹ́ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní:

"Bàámi, mo ti mọ ìdí tí kò fi sí iná ní Mùṣín. Ibí ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wá."

Ìjàpá ní kó panu mọ́.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí òtútù bá ti mú nílùú òyìnbó, ó di kó wálé, bí ọyẹ́ bá sì ti lọ tán, òun náà á lọ. Oṣù kejìlá ni tirẹ̀, Detty December ni wọ́n ń pè é. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta tí òun lò ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ kí òun rántí bí wọ́n ṣe ń pe "ẹ̀bá" mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó tò síwájú Ìjàpá níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì. Olónjẹ wo bàtà Alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó pe iye kan. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, ó rẹ́rìn-ín, ó san án. Nígbà tó kan Ìjàpá, olónjẹ kò rántí yí iye náà padà sí náírà tiwa. Àwo kan ni wọ́n rí rà. Àwọn márààrún dì mọ́ ọn. Ẹ má gbàgbé pé owó ìrẹsì odindi ìlú ló wà lápò ẹni tó ń lá àwo yìí.

Ọjọ́ Kérésì gan-an, ó di dandan kí àwọn ọmọ rí Bàbá Kérésì. Ẹ̀yìn ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n ti fi páálí àti òwú ṣe ihò rẹ̀. Oòrùn ń ràn, yìnyín olówùú ń dán lórí páálí. Àwọn ọmọ tò fún wákàtí méjì. Nígbà tó kan Pẹ́pẹ́, wọ́n gbé e lé itan Bàbá Kérésì: aṣọ pupa, bẹ́líìtì dúdú, òwú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, òógùn ń gba abẹ́ rẹ̀ sàn. Pẹ́pẹ́ fi imú fa afẹ́fẹ́. Ó tún un fà.

"Màámi," ló pariwo, "Bàbá Kérésì ń rùn bíi bàbá tó gbowó ẹrù lọ́wọ́ wa!"

Bàbá Kérésì tẹjú mọ́ ọn. Irùngbọ̀n òwú yẹ̀ sápá kan, irùngbọ̀n mìíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé dání nìyí?" Òbúkọ ní. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi! Ọmọ yìí wúwo lórí itan. Ẹ ó fi nǹkan kún un."

Ọjọ́ ọdún, iṣẹ́ ẹyọ kan kì í tó agbèrò jẹ.

Ẹ̀bùn tí wọ́n gbà nìyí, nínú ọ̀rá olómi wúrà: bisikíìtì kékeré kan tó ti rún, awò dúdú tí gíláàsì rẹ̀ kan ti yọ, àti aago tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ìdérí gbé aago náà sétí títí ilẹ̀ fi ṣú.

N kò ní pẹ́ létí òkun, torí àwọn náà kò pẹ́. Alákàn ni oníyàwòrán ibẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà níta kí o tó sanwó. Ẹṣin ní òun kì í gbé onílé. Iyanrìn ń jó ẹsẹ̀. Ìjàpá na ìka méjì sókè, wọ́n yà á, wọ́n lọ. Nígbà tó fi ọwọ́ wádìí àpò ṣòkòtò, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju owó tí yóò gbé wọn wọ ibì kan sí i, tí kò sì lè gbé wọn délé.

Ọlọ́gbọ́n á wá ọ̀nà ilé. Ìjàpá ní, "Ajá dé igbó Lẹ́kí bí?"

Kóńkóló ní kò débẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọjọ́ kejì Kérésì ni. Igbó kan wà ní Lẹ́kí tí wọ́n dá sí láti 1990, hẹ́kítà 78, kí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ má baà di ilé àti súpámákẹ́ẹ̀tì tán. Ní 2015 wọ́n ta afárá kan sókè láàárín igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Okùn ló dì í mú, ó sì ń mì. Ìjàpá rìn ín dé ìdajì, ó fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé, ọ̀nà dí. Àwọn ọ̀bọ kó ara wọn jọ sórí ẹ̀ka, wọ́n ń wò ó. Wọn kò sì sanwó. Yánníbo ló tì í dé òdìkejì.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Yánníbo wo igi, ó wo ewé tó já sílẹ̀, ó gbọ́ ohùn ẹyẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìbàdàn, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Bàbá Kóńkóló, a fi igbó sílẹ̀ nílé lọ́fẹ̀ẹ́, a wá sanwó wo igbó l'Ékòó."

Kí Ìjàpá tó fèsì, wọ́n dé ibi tí wọ́n fi ọgbà yí ká, tí èrò pọ̀ sí. Ìjàpá fi ìkarahun la ọ̀nà dé iwájú. Ohun tí wọ́n ń wò, baba ńlá ìjàpá kan ni, ó tóbi bí odó, ó ń jẹ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ọmọ ń pariwo, ìyá ń gbé ọmọ sókè, fóònù ń dán.

Orí Ìjàpá wú. Ọdún mélòó ló ti ń gbé ara yìí kiri lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbé fóònù sókè sí i! Ó dúró títí èrò fi fọ́n ká, ó bá baba náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ẹ kú ọdún, bàbá. Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń bẹ níbí?"

"Gbogbo ẹni tó bá dé ló máa ń bèèrè," baba náà ní. "Wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Wọ́n á yà mí, wọ́n á lọ."

"Ta ló ń bọ́ yín?"

"Wọ́n ń gbé e wá."

Ìjàpá gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, kò gbọ́ èyí tó ṣáájú. Ó pe Yánníbo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun yóò wọ inú ọgbà yìí, wọn yóò máa bọ́ òun, ayé yóò máa wo òun. Kí Yánníbo àtàwọn ọmọ padà sí Mùṣín, kí wọ́n máa wá kí òun lójoojúmọ́.

"Kí la ó máa fi sanwó ẹnu ọ̀nà?" Yánníbo bèèrè.

Ìjàpá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀bọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mú ìwé dé. Ìwé sọ pé ọ̀kan. Ó kà á, ó jẹ́ méjì. Ó yí ìwé po, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà nílé ọdún, kò sì fẹ́ kọ lẹ́tà ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ "méjì", ó kọ "ìbísí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó buwọ́ lù ú.

Nílé ńkọ́? Ẹ má rò pé àwọn ẹranko jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì ni wọ́n bá ilẹ̀kùn Ìjàpá ní títì, Èkúté-ilé sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì, ebi ń pa á. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni fóònù Àgbọ̀nrín ti dún: ÈKÓ NI WÁ O. Láti ọjọ́ náà, kò sinmi mọ́. Fìlà pupa rèé. Iná rèé. Ìrẹsì rèé nínú àwo. Òkun rèé, Ìjàpá na ìka méjì sókè. Èyí tó kẹ́yìn ni afárá orí igi ní Lẹ́kí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan kò lè to ọ̀nà wọn lẹ́sẹẹsẹ tó bẹ́ẹ̀. Ajá ní òun mọ Èkó, Ẹkùn ní kí wọ́n gbéra. Rélùwéè ni wọ́n wọ̀.

Wọ́n dé igbó Lẹ́kí lọ́sàn-án, wọ́n sanwó ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú. Nínú ọgbà, ìkarahun méjì ló wà, orí kò sí níta. Èwo ni? Ajá gbóòórùn, òórùn gàrí wà níbi gbogbo. Ni Ajá bá jókòó, ó fi ohùn dídùn dá orin. Ẹ bá wọn gbè é:

Èkó tí Ajá ṣe lésìí o,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Ìjàpá náà dáwọ́ lé e,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*

Ìkarahun kejì náà ń gbè é lábẹ́lẹ̀. Ajá gbọ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ:

Bẹ́gà ló ti yí padà,
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ńkọ́?
*Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.*
Fọ́tò onífọ́tò ni o...

"Irọ́ ni!" Orí Ìjàpá fò jáde. "Èmi ni mo wà nínú rẹ̀! Ẹ wo etí òkun, ẹ wo ìka mi!"

Ẹkùn ti kọjá sórí ọgbà. Ọ̀bọ dá a dúró, ó ṣí ìwé. "Méjì ló wà nínú ìwé. Bí ẹ bá mú ọ̀kan lọ, ọ̀kan ló kù. Èmi kò ní kọ lẹ́tà."

"Owó ìrẹsì wa ló jẹ!"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé."

Wọ́n dúró, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn. Ìgbà náà ni Yánníbo dé pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Aláǹgbá ló yá a lówó ẹnu ọ̀nà. Ó kí Ẹkùn, ó kúnlẹ̀ kí Àgbọ̀nrín. Ó ní owó yín kò sí lápò ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ lè tú u wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo èrò yìí. Baba tó wà níbẹ̀ kì í bá èrò sọ̀rọ̀. Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kó yọ orí, kó na ìka méjì, kó sọ ìtàn Èkó, ẹ gba owó.

Ẹkùn ronú. Ajá kò fẹ́ gbà, ó ní wọ́n fẹ́ sọ olè di gbajúmọ̀. Wọ́n ní kí òun náà dákẹ́, fọ́tò tirẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n yan Yánníbo ní akápò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo aṣọ rẹ̀ ná, kò lápò.

Kí ọdún tuntun tó wọlé, owó ìrẹsì pé, ó sì ṣẹ́kù. Yánníbo san owó Aláǹgbá, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè mẹ́rin ní Alágómejì, ó mú àwọn ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìdérí ṣì so aago náà mọ́wọ́.

Ìjàpá kò tíì kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó yà síbẹ̀, ó bà lé orí ọgbà, ó san pọ́n-ùn, ó fi imú sọ pé kí Ìjàpá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró ná," Ìjàpá ní, ó ń tún ọrùn ṣe. "Ẹ sún sápá ọ̀tún díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń dára jù."